Lẹ́tà Ṣíṣí sí Imí-eṣú, Oníṣègùn Tó Ń Gbé Oko Mi Láìsanwó Ilé

Sí Imí-eṣú ọ̀wọ́n,
Ẹ̀yìn Ilé, Etí Ọ̀nà, Ẹ̀gbẹ́ Gọ́tà,
àti Gbogbo Ibi Tí Ọkọ́ Bá Ti Kọjá.

Ẹ kú ìgbà òjò o. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìgbèrú. Inú mi dùn láti kọ ìwé yìí sí yín, mo sì gbàgbọ́ pé yóò bá yín ní àlàáfíà, nítorí n kò tíì rí ọjọ́ tí àlàáfíà yín yingin. Òjò rọ̀, ẹ wà. Ọ̀dá dá, ẹ gbẹ, àwọn ọmọ yín sì sùn sínú ilẹ̀, wọ́n ń retí òjò mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa tèmi, ọpẹ́ ni, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí láti ibi ìroko. Ẹ mọ ẹni tó fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yáa gbé "ẹ" yẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tó wọ ọgbà mi láìkan ilẹ̀kùn, tó jókòó sáàárín ata mi, tó tún bímọ síbẹ̀, ó ti di ará ilé. "Ìwọ" ni n ó máa pè ọ́ láti ìsinsìnyí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọjú ka ìwé oníwèé lẹ́yìn, ẹ máa kà á lọ, ẹ má tijú. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí kò tíì tẹ ọmọ ìyá Imí-eṣú kan mọ́lẹ̀ rí.

Mo mọ̀ pé àwọn ará ìgboro kan máa ní àwọn kò mọ̀ ọ́. Irọ́ ni. Ewéko tó ga dé orúnkún ni, tó máa ń dé ìbàdí nígbà tí ilẹ̀ bá sanra. Irun funfun kéékèèké bo igi rẹ̀. Ewé rẹ̀ máa ń kọjú síra wọn ní méjì méjì, etí wọn rí ṣákaṣàka. Lórí rẹ̀, òdòdó kéékèèké kó ara wọn jọ, òmíràn funfun, òmíràn elésè-àlùkò tó ṣá. Ẹni tí kò bá dá a mọ̀ síbẹ̀, kó já ewé kan, kó fi ìka rún un, kó gbé e sí imú. Á rántí kíá.

Ìyẹn ló gbé mi dé ẹ̀sùn kìíní, ẹ̀sùn òórùn. Ọ̀rẹ́, kí ló dé? Ẹfinrin náà hù nínú ilẹ̀ yìí, òjò kan náà ló mu, ó sì ń ta sánsán. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á tún gbé ọwọ́ náà sí imú lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ, bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ṣèèṣì kàn ọ́, títí tí yóò fi délé ni ìyàwó rẹ̀ á máa béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Má sì sọ pé àwa nìkan la kórìíra rẹ. Àwọn ará Brazil ń pè ọ́ ní mentrasto nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀wọ̀ fún ọ. Nígbà tí inú bá bí wọn, catinga-de-bode ni, òórùn òbúkọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò wojú rẹ, ewúrẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn èèyàn tí òkun wà láàárín wọn, tí wọn kò jọ ṣèpàdé rí, gbogbo wọn panu pọ̀ lórí òórùn ẹnì kan ṣoṣo! Ó yẹ kó o ronú sí i.

Ẹ̀sùn kejì ni ti ìrìnàjò rẹ. Ará Amẹ́ríkà ni ọ́, apá ibi tí oòrùn ti ń mú níbẹ̀. Carl Linnaeus, ará Sweden tó fẹ́ fi gbogbo ewéko ayé sínú ìwé, ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ láti 1753. Ìyẹn kò burú. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ti ọ̀hún wá sọ̀dọ̀ wa, a sì gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Àgbàdo wá, ó mú ògì dání. Ẹ̀gẹ́ wá, ó gbé gàrí lọ́wọ́. Ata wá, ọbẹ̀ di ọbẹ̀. Tábà pàápàá, oníwàhálà tó jẹ́, ó mú owó wọlé fún àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn. Kí ni ìwọ mú wá? O gbé òórùn dé, o gbé hóró dé, o jókòó. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni bí o ṣe ń ṣe bí ọmọ onílẹ̀. Ẹni tó bá rí ibi tí o nà sí lójú oórì àwọn baba wa á rò pé o bá Odùduwà rìn dé Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀kẹta, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Ẹ̀mí rẹ kì í pé ọdún. Níbòmíràn, kò tó oṣù méjì tí o fi ń hù, tí o ń tanná, tí o ń so, tí o ń gbẹ. Ènìyàn á rò pé ẹni tí ayé rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ á rọra ṣe. Àwọn tó jókòó kà á ní ẹyọ igi rẹ kan lè so tó 40,000 hóró. Ọmọ bẹ́ẹ̀! Hóró ọ̀hún dúdú, ó tín-ín-rín, ó fúyẹ́, ó ní nǹkan ṣóńṣó márùn-ún lórí tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ. Èyí tí afẹ́fẹ́ kò bá rí gbé, omi gọ́tà á gbé e. Èyí tí omi kò bá gbé, bàtà mi á gbé e wọlé.

Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé hóró rẹ fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, á sùn fọnfọn. Ọjọ́ tí mo bá wá gbé ọkọ́ láti lé ọ, èmi náà ni mo ń tú àwọn tó sùn jáde síbi tí oòrùn á ti rí wọn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilẹ̀ á ti tún ṣú fún ọmọ wẹ́wẹ́. Bí mo ro, mo gbìn ọ́. Bí n kò ro, o gba ilẹ̀. Mo ti ń bá ènìyàn jà rí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí mò ń bá jà tó tún ń fi ọwọ́ mi ṣiṣẹ́.

Ẹ̀sùn kẹrin, ìwọ oníṣẹ́ òkèèrè. O rò pé n kò ní gbọ́. Mo gbọ́ ohun tí ò ń ṣe ní China. Ní ìhà gúúsù ibẹ̀, lágbègbè Guangdong, àwọn olóko ọsàn fi ọ́ sábẹ́ igi ọsàn wọn tinútinú. Kòkòrò pupa wínníwínní kan wà tó ń fa omi ewé ọsàn mu. Kòkòrò wínníwínní mìíràn sì wà tó ń pa ti àkọ́kọ́ jẹ. Ìwọ ni o gba ẹ̀kejì yìí sílé: ìyẹ̀fun òdòdó rẹ ló ń jẹ nígbà tí ẹran bá wọ́n, abẹ́ ewé rẹ ló ń sá sí nígbà tí oòrùn bá mú. Báyìí ni ọsàn ṣe ń rí ẹ̀ṣọ́, tí olóko kò sì ní máa fín oògùn lójoojúmọ́.

Nítorí náà o mọ iṣẹ́ ṣe! Ní ilé onílé, o jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi yangàn. Ní ìdí ẹ̀gẹ́ mi, o di jẹgúdújẹrá, o ń bá a pín omi, o ń bá a pín oúnjẹ inú ilẹ̀. Igi ọsàn wà lẹ́yìn ilé mi o. Òun nìkan ló dá dúró níbẹ̀, kò rí aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó ní o má lọ ṣọ́ ọ. Ìdí ata ló wù ọ́.

Ẹ̀karùn-ún, mo fẹ́ kí àwọn tó ń kàwé yìí fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti ń yí padà. Ní 1976, William Bowers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ìbátan rẹ kan wò, èyí aláwọ̀ búlúù tí àwọn òyìnbó ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà. Wọ́n yọ ohun méjì jáde lára rẹ̀ tí wọ́n pè ní precocene. Ìwọ náà ní in lára. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí: ọmọ kòkòrò ní ohun kan nínú ara tó ń dá a dúró kó má tètè dàgbà. Precocene á pa ohun náà lẹ́nu mọ́. Ọmọ kòkòrò á bá di àgbà lọ́sàn-án gangan, àgbà kúkúrú tí kò ní lè bímọ. Wọ́n dán an wò lára eṣú, ọ̀gá àwọn tó ń jẹ oko run, òun náà kò bọ́ níbẹ̀.

Ẹ wò ó, ewéko kì í rìn, kì í sá, kò ní ìwo, kò ní èékánná. Ohun tó bá pò sínú ewé rẹ̀ ló fi ń jà. Òórùn tí à ń fi ìwọ Imí-eṣú ṣẹ̀fẹ̀ yìí, ọ̀kan lára ohun ìjà náà ni. Òmíràn wà níbẹ̀ tí kò rùn rárá. Àwa tí a ń já ọ lẹ́kúnwọ́ lẹ́kúnwọ́ kò bi ara wa léèrè rí pé ta ni o po gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ dè.

Ẹ̀sùn kẹfà yìí, ó yẹ kí ó jẹ́ ọpẹ́. Ẹni tí àdá bá ti kàn lóko rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ tí gbogbo ilé ti kìlọ̀ fún nípa àdá, ṣá ara rẹ̀ ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo sálúbàtà. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n á ti rí ọ. Bàbá rẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́, o ti wà níbẹ̀. Ó kó ewé rẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò rún un, ó ń yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí omi aláwọ̀ ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láàárín ìka rẹ̀. Ó fún omi náà sójú ọgbẹ́, ó wá fi pàǹtí ewé tẹ̀ ẹ́ pa. Ọmọ náà ké, ó ní ó ń ta òun. Ní ìgbà díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá. Àwọn onímọ̀ náà ti dán oje rẹ wò lára eku tí wọ́n dá ọgbẹ́ sí, ọgbẹ́ ọ̀hún sì tètè jinná. Ìyìn nìyẹn, gbà á. Ìbátan rẹ, ewé Akíntọ́lá tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Ẹ̀sùn mi ni ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹnì kan ní ká gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ohùn mẹ́ta ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "A ti fi imí-eṣú sí i!" Ìwọ gbọ́, o dákẹ́. O kò sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ni o mọ̀ ọ́n dá, pé ohun tó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀ tí o ti hù gan-an, àti pé o kò bá a jà rí. Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ìyá rẹ̀ tí kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀keje, jẹ́ ká lọ sọ́jà. Ní ọjà Bódè, n'Ìbàdàn, mo rí ọ, mi ò kọ́kọ́ dá ọ mọ̀. Ìwọ tó ń nà gbalaja lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé mi, wọ́n ti fi okùn dì ọ́ nídìí, wọ́n wọ́n omi sí ọ lórí, wọ́n tẹ́ àpò fún ọ, wọ́n sì dá owó lé ọ. O kò tilẹ̀ wojú mi. Mo bi ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tó jókòó tì ọ́ pé kí ni wọ́n ń fi ọ́ ṣe. Kò gbójú sókè, ó ń ṣa ewé tó ti pọ́n kúrò lára ìdì. Ó ní, "Kí ni wọn ò fi í ṣe?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, èélá, làpálàpá, ara yíyún, ojú egbò, àti àwọn ohun mìíràn tó rẹ ohùn sílẹ̀ kó tó dárúkọ wọn. Mo ní, "Màmá, ewé kan ṣoṣo yìí?" Ó wá wò mí. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ó ń dá rìn? Ó ní èyí tí a ń fi gún ọṣẹ, ó ní èyí tí a ń fi wẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò, kó fi í sílẹ̀ síbi tó hù sí." Ó gba owó mi, ó fún mi ní ìdì kan fún ọṣẹ dúdú, ó tún kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún.

Ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ọṣẹ. Ṣùgbọ́n kúrò ní Bódè, kí o dé gáréèjì, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Alágbo gbé ike kalẹ̀, ó ń pariwo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń pariwo ẹ̀yìn ríro, ó ń pariwo "agbára ọkùnrin". Ẹni tó bá bi í pé ewé wo ló wà níbẹ̀, á ní gbogbo rẹ̀ ni. Ife kan láàárọ̀, awakọ̀ á nu ẹnu, á wọ mọ́tò. Ife kan lọ́la. Ife kan lọ́túnla. Agbo ti di oúnjẹ àárọ̀, ara kò sì tíì le títí di òní. Àwọn tó gbọ́n ju ti gáréèjì lọ rọ tiwọn sínú ìgò aláràbarà, wọ́n gba nọ́ńbà NAFDAC, wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò náà pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ohun tó ń wò sàn ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Ìkìlọ̀ yẹn, àfi ẹni tí ojú rẹ̀ bá ríran bíi ti àṣá.

Ìwọ ńkọ́? O wà nínú ike, o wà nínú ìgò, o dákẹ́. Inú rẹ ń dùn pé wọ́n ń pè ọ́ ní gbogbonìṣe.

Ẹ̀sùn kẹjọ, n kò ní rẹ́rìn-ín. Nínú ewé rẹ, nínú òdòdó rẹ, nínú hóró rẹ, oró kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pyrrolizidine alkaloid. Lycopsamine àti echinatine wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ewéko ló ní irú rẹ̀, wọ́n fi ń lé ohun tó bá fẹ́ jẹ wọ́n. Nígbà tí ènìyàn bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ á gbìyànjú láti tú u palẹ̀, bó ti máa ń tú gbogbo nǹkan tí a bá gbé mì palẹ̀. Ibi tó ti ń tú u náà ló ti ń di májèlé. Àwọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín inú ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ẹ̀dọ̀ á le. Omi á máa kó sínú ikùn. Kò pọn dandan kó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí díẹ̀díẹ̀ ni ìbàjẹ́ náà máa ń kó jọ, ẹ̀dọ̀ kì í sì í tètè ké. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú tún lè fi í ránṣẹ́ sọ́mọ nínú ọmú.

Ní Tigray, ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Ethiopia, láti ọdún 2001 ni wọ́n ti rí i pé àwọn ará abúlé kan ń ṣàìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀. Ikùn wọn ń wú, ara wọn ń gbẹ. Ọ̀pọ̀ kú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkà inú àká wò, ìwọ ni wọ́n bá níbẹ̀. O ti hù sáàárín jéró wọn, wọ́n ti kórè rẹ mọ́ ọn, wọ́n ti lọ̀ ọ́ mọ́ ọn, wọ́n sì ti ń jẹ ọ́ lójoojúmọ́. Àwọn yẹn kò mu agbo o. Wọn kò wá ìwòsàn. Ẹbí jókòó yí oúnjẹ ká, wọ́n ń jẹun. Imí-eṣú, ṣé o gbọ́? Wọ́n ń jẹun.

Mo mọ ohun tí àwọn kan tó ń kàwé yìí ti ń sọ lábẹ́ èémí: "Àwọn baba wa lò ó, kò pa wọ́n." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. Àwọn baba wa lò ó, wọ́n sì mọ èyí tí wọ́n ń fi wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń mu. Ẹ bi ìyá ẹlẹ́wé Bódè. Ní ti ẹni tó ń mu ún, tí ikùn rẹ̀ wá wú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ta ló fẹ̀sùn kan ewé nígbà náà? Ayé ni wọ́n ní ó ṣe é. Ọ̀tá ìdílé ni, ìyàwó kejì ni, wọ́n na ọwọ́ sí gbogbo ènìyàn, wọ́n fo ike agbo tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ kì í dárúkọ ewé.

Ní Jámánì, ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn egbòogi bí àwa náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ìjọba ṣòfin ní 1992 lórí egbòogi tó bá ní irú oró yìí. Èyí tí ènìyàn máa gbé mì lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan. Bó bá sì máa lò ó ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ lọ́dún, wọ́n ní kó dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Wọ́n kò sọ pé ewé kì í jẹ́. Nítorí pé ewé ń jẹ́ gan-an ni wọ́n ṣe gbé òṣùwọ̀n tì í. Ní gáréèjì wa, ẹ̀kúnwọ́ ni òṣùwọ̀n. Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ alágbo. Ọwọ́ alágbo kan sì tóbi ju ti ẹnìkejì lọ.

Ibi tí ìjà èmi pẹ̀lú rẹ wà gan-an nìyí, Imí-eṣú. Òórùn rẹ, mo lè fara dà á. Ọmọ rẹ, mo lè ro wọ́n. Ohun tí n kò lè fara dà ni ìwà pẹ̀lẹ́ tí o gbé wọ̀. O hù síbi tí gbogbo ènìyàn ti ń tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, o kò béèrè owó, o kò ní ẹ̀gún, ọmọdé ń já ọ ṣeré, gbogbo wa sì gbà pé ohun tó bá wà lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè lóró. Ẹni tó bá ra oògùn ní ilé ìwòsàn á béèrè pé mélòó ni òun máa lò lóòjọ́, ṣé kí òun tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ. Tìrẹ, kò sẹ́ni tó ń béèrè. Bí o bá jẹ́ ọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n ń tì ọ́ mọ́, a ó ti máa bẹ̀rù rẹ tipẹ́tipẹ́.

Nítorí náà, mo ti kọ àdéhùn wa sílẹ̀, mo sì fi gbogbo àwọn tó ń kà á ṣe ẹlẹ́rìí.

Lórí awọ tó pé, nínú ọṣẹ dúdú, fún èélá àti ara yíyún, o lè wọlé, a ó fún ọ ní àga. Lórí ọgbẹ́ kékeré lóko, o lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí a tó délé. Lẹ́yìn náà, omi àti ọṣẹ á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, nọ́ọ̀sì á sì gún abẹ́rẹ́. Ọgbẹ́ tó bá gbòòrò tàbí tó jìn, jọ̀wọ́ jìnnà síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni oró rẹ ti lè rí ọ̀nà wọ inú ara. Inú ife, rárá. Bó ṣe aboyún, bó ṣe ìyá ọlọ́mú, bó ṣe ọmọdé, bó ṣe ẹni tí ẹ̀dọ̀ ti ń yọ lẹ́nu, rárá lọ́nà mẹ́rin. Inú ọkà, bí mo bá rí ọ níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, èmi pẹ̀lú rẹ kò ní jọ dé àká. Ní ti ìdí igi ọsàn, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀.

Ní ti àárín ata mi, mo ti kọ́gbọ́n: mo máa fà ọ́ tu kí òdòdó rẹ tó là, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣì tutù, láìfi ọkọ́ tú àwọn tó sùn nísàlẹ̀ jáde. Jọ̀wọ́, má bínú sí i. Ara ìfẹ́ náà ni.

Bí o bá ní àwíjàre, kọ̀wé padà sí mi. Àwọn ará tó ń kà á náà ń retí rẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. O kò ní kọ̀wé. Ọmọ ni wàá fi fèsì.

Èmi ni tìrẹ nítòótọ́,
Ẹni tó ni ilẹ̀, bí ìwé onílẹ̀ ṣe sọ.